Kọ́bọ̀ Gbígbóná ní Aldercombe

Ohun tó kọ́kọ́ rí Beryl Tuckett lára lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni odò tí wọ́n yà sára ògiri. Ẹgbẹ́ Ìtàn ìlú Aldercombe ti fi aṣọ funfun bo gbogbo tábìlì inú gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n to kéèkì àti ife tíì sórí wọn, wọ́n wá gbé àwòrán odò kan kọ́ ògiri. Omi rẹ̀ mọ́ lóló, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé, Ìgbà Èwe Wa Aládùn. Beryl wò ó, ó tún un wò, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Odò wo nìyẹn? Odò tí òun mọ̀, nígbà tí òun wà lọ́mọdé lẹ́yìn ogun Hítílà, àwọ̀ eérú ni omi rẹ̀ ní. Ilé iṣẹ́ awọ Venner ló ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, irun àgùntàn, ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀, àti omi oró tí wọ́n fi ń bó irun kúrò lára awọ. Bí ọmọ bá bọ́ sínú rẹ̀ tó jáde, ọ̀rá á ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ìyá rẹ̀ á nà án kó tó wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní adùn, kó lọ bu ife kan mu.

Beryl ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún dáadáa. Ilé ìdáná ilé-ìwé ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sílùú ńlá, gbogbo Aldercombe ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Kì í lọ sípàdé ẹnikẹ́ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Clifford Yeo, ló bẹ̀ ẹ́ kó wá, ó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí wọ́n fẹ́ sọ nípa òun. Clifford ti wa ọkọ̀ mílíìkì rí, kò sì sí ilé tí wọn ò ti mọ àwàdà rẹ̀. Ìka méjì ló ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti kékeré, wọn ò ṣeé nà mọ́. Bó bá fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́, á ní, “Ẹ rọra o, owó wà nínú rẹ̀.” Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ wo ni wọn ò ní rẹ́rìn-ín?

Alága ẹgbẹ́ náà ni Ìyáàfin Garland. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá, kò sì tíì pẹ́. Ó ra ilé síbi tí ilé iṣẹ́ awọ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé olówó báyìí, wọ́n gbin òdòdó síbi tí wọ́n ti ń da ìfun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ní ìkà nínú, ìyẹn gan-an ló ń bí Beryl nínú jù, torí kò ríbi tó máa gbà bá a jà. Ó ní kí àwọn àgbàlagbà máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ìrántí wọn. Ọkùnrin kan dìde, ó ní, “A ò ní nǹkan kan nígbà náà, ṣùgbọ́n inú wa dùn.” Beryl fẹ́rẹ̀ẹ́ tutọ́ sílẹ̀. Ó mọ bàbá ọkùnrin náà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹran, gbogbo nǹkan ni wọ́n ní.

Ìgbà tí wọ́n sọ tiwọn tán, Ìyáàfin Garland pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin ará mi,” ó ní, “ayọ̀ ńlá ni mo fẹ́ fi tó yín létí. Lọ́jọ́ ọdún ọjà tó ń bọ̀ yìí, a fẹ́ dá Kọ́bọ̀ Gbígbóná padà.”

Ọmọ Aldercombe ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Bí ọdún ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Keje, àwọn olówó ìlú á gun bàkónì òtẹ́ẹ̀lì Àgbò Funfun, àwọn ọmọ tálákà á kó jọ sísàlẹ̀ lójú títì. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì yan kọ́bọ̀ lórí ẹyín iná títí á fi gbóná, wọ́n á fọ́n ọn sílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣa ọ̀kan, á jó o lọ́wọ́, á jù ú sókè, á máa fò kiri, ẹlòmíì á já a gbà, iná á jó ìyẹn náà. Àwọn tó wà lókè á máa rẹ́rìn-ín. Eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àánú ni àwọn baba ńlá àwọn fi dá a sílẹ̀. Kò sí ọmọ tí àánú náà ò jó lọ́wọ́ ní òpópónà tí Beryl gbé dàgbà, títí wọ́n fi rọra pa á tì, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ìdí rẹ̀.

“Ẹ má fòyà o,” Ìyáàfin Garland ní. “Kánsù ti ní kò gbọdọ̀ gbóná ju omi ìwẹ̀ ọmọ lọ. Ẹni tó sì máa fọ́n ọn fún wa ni ẹni tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ jù lọ. Ọ̀gbẹ́ni Clifford Yeo ni.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Clifford dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

“Ẹ ń wò mí, ẹ rò pé mo tòṣì,” ó ní. “Irọ́ ni o. Èmi lọmọ tó lówó jù ní Aldercombe lọ́dún náà. Kọ́bọ̀ ni gbogbo wọn ń ṣà, èmi ni mo he ṣílè méjì àbọ̀, fàdákà ńlá báyìí. Mo mọ̀ pé ó gbóná, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn Dibble wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ sì mọ àwọn Dibble. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Ni mo bá pa ọwọ́ mi dé.” Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó fi ìka tó ká hàn wọ́n. “Ẹ lọ bi báńkì yín léèrè, bóyá ó di owó yín mú tó báyìí.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. Beryl ò mọ ìgbà tó dìde.

“Cliff, sọ ọ́ bó ṣe rí,” ó ní. “Bí o ò bá ní sọ ọ́, èmi á sọ ọ́.”

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Clifford.

“Mi ò jókòó. Kò he nǹkan kan, ẹ̀yin ará. Méjọ̀ Venner, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ awọ, tó tún ni ilé tí à ń gbé, òun ló fi ẹ̀mú mú fàdákà ẹyọ kan ṣoṣo, ó tì í bọ àárín iná, ó fi í síbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń fọ́n kọ́bọ̀ tiwọn. Ìgbà tó mú un jáde, ó ti pọ́n. Ó wá na ọwọ́ sí ọmọ yìí, ó ní, ‘Ìwọ onírun pupa yẹn, gbà.’ Ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín. Ó jù ú sí i bí ẹni ń ju egungun sájá, ọmọ náà sì hán an. Ó pa ọwọ́ dé torí pé a ò tíì jẹun láti àárọ̀, kì í ṣe torí ọmọ Dibble kankan. Èmi ni mo dúró tì í. Mo gbọ́ bó ṣe ń ta ṣàá lára ẹran ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lókè, wọ́n ń di ara wọn mú.”

Obìnrin kan rọra dá kéèkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

“Bọ́tà ni wọ́n fi kùn ún,” Beryl ń bá a lọ. “Ẹ mọ̀ pé bọ́tà ni wọ́n ń fi sí iná nígbà yẹn, bọ́tà tí ìjọba ń wọ̀n fúnni, gbogbo èyí tó kàn wá lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n fi aṣọ dì í. Ìgbà tí wọ́n máa tú u, bọ́tà ti kan, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ẹran, ọyún ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, eṣinṣin ò jẹ́ ká jẹun nínú ilé. Kí wọ́n tó tú u pàápàá, Màámi ti mú un lọ sílé Méjọ̀. Màámi ní kó ṣí fìlà. Wọ́n ní kó dúpẹ́. Òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún yín yẹn.”

Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Awọ àgùntàn ni ìyá wọn ń fọ̀ fún Venner láti ìdájí, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá. Bí Venner bá ní kó kó jáde, ibo ni yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ gbà? Beryl mọ gbogbo ìyẹn. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n ò tíì jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kan.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Clifford. Ó wo ilẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, ó ti rí ẹ̀rín rẹ̀ he padà.

“Ẹ má bínú sí àǹtí mi,” ó ní. “Ibà ló ń ṣe wọ́n lọ́dún náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọn ò débẹ̀ rárá. Àwọn kan ló wá sọ ọ́ fún wọn nílé, wọ́n sì fi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ orí náà sì tún ti dé.” Ó fi ìka kan orí ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ṣẹ́jú.

Ara tu gbogbo ilé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bí ara ṣe tù wọ́n. Ìyáàfin Garland wá, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Beryl, ó ní, “Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Gbogbo ìrántí ló níyì lọ́dọ̀ wa.” Ó bu kéèkì mìíràn fún un. Beryl wo kéèkì náà, ìpara funfun orí rẹ̀ ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Clifford nílé. Clifford nìkan ló ń gbé, iyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ó ń dín sọ́sééjì nínú ọ̀rá àná, ọwọ́ òsì ló fi ń yí i. Ilé ìdáná náà ń kọ mànà, gbogbo ògiri rẹ̀ yọ̀ fún ọ̀rá. Beryl ò jókòó. Ó ní àga náà dọ̀tí, ó sì dọ̀tí lóòótọ́.

“O pè mí ní wèrè níwájú ìlú,” ó ní.

“Ibà ni mo pè é, Àǹtí mi.”

“Ibà orí.”

“Ẹ̀yin lẹ mú un wá. Ta ló ní kí ẹ dìde? Wọ́n ń jẹ kéèkì wọn jẹ́jẹ́, ẹ wá da ọyún lé e lórí. Ìyá Hobley tó dá kéèkì rẹ̀ padà sáwo ò ní lè jẹ bọ́tà mọ́ títí ọdún fi máa parí.”

Beryl fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń ṣe é láti kékeré nìyẹn. “Gbọ́ mi, Cliff. Má gun bàkónì yẹn.”

“Kí ló dé?”

“Ṣé o ń bi mí ni? Ibi tí wọ́n dúró sí sun ọ́ bí iṣu, ibẹ̀ lo fẹ́ lọ dúró sí, kí o máa fọ́n kọ́bọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ?”

“Kọ́bọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Ìyẹn gan-an ló rí mi lára. Bó bá gbóná, wọ́n á mọ ohun tó jẹ́.”

Clifford yí sọ́sééjì rẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, kò fi àwàdà sí i. “Ìsàlẹ̀ ni mo ti wà látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo gbé mílíìkì lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn gbogbo ilé ńlá ìlú yìí, kò sẹ́ni tó ní kí n gba iwájú wọlé. Wọ́n ní kí n gòkè lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ní kí n má lọ. Àǹtí Beryl, ìbínú ni ẹ̀yin mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ti tó yín jẹ. Ẹ̀rín ni èmi mú. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo rí gbà fún ọwọ́ mi?”

“Òtítọ́.”

“Òtítọ́ yín ń rùn. Bí mo bá sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, wọ́n á máa káàánú mi. Wọ́n á máa rọra bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.”

“Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé,” Beryl ní. “Ìwọ nìkan ni mo rí tó kó o, tó tún ń fi í ṣeré. Tóò. Bí o bá dúró sórí bàkónì tí Venner dúró sí yẹn, kí o má pè mí ní àǹtí mọ́. Má yọjú sílé mi nígbà Kérésì. Bó o bá rí mi lójú títì, gba òdìkejì.”

Ó rò pé á yí ohùn padà. Òun nìkan ló kù fún Clifford, Clifford nìkan ló sì kù fún òun. Clifford gbé sọ́sééjì sínú àwo, ọ̀rá ń kán tò tò. “Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn bí ẹ bá ń lọ,” ó ní.

Lọ́jọ́ ọdún ọjà, Beryl ti pinnu pé òun ò ní jáde nílé. Ó fọ ilé ìdáná, ó tún un fọ̀. Ìgbà tó gbọ́ agogo olùkéde ìlú, ó ti wà nínú kóòtù rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ń bú ara rẹ̀ títí tó fi dé iwájú òtẹ́ẹ̀lì Àgbò Funfun. Èrò ti pọ̀ bí eéṣú. Àlùbọ́sà díndín ń rùn lọ́tùn-ún, ìgbẹ́ ẹṣin ń rùn lósì, àwọn ọ̀dọ́ ti mutí yó kí oòrùn tó gòkè, ẹnì kan sì ti bì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹgbẹ́ Ìtàn ti pín ìbọ̀wọ́ funfun fún àwọn ọmọdé, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ bàkónì bí akọrin ìjọ.

Clifford wà lókè. Wọ́n yá a ní kóòtù dúdú onírù gígùn àti fìlà gíga, irú èyí tí Venner máa ń dé. Beryl rí i, ojú rẹ̀ ṣú. Ó kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni pé Venner ló jí dìde, ó wá rí etí ńlá àbúrò rẹ̀ lábẹ́ fìlà, ìyẹn sì burú ju ti ìṣáájú lọ.

Olùkéde lu agogo. Clifford bu ṣọ́bìrì àkọ́kọ́, ó fọ́n ọn. Kọ́bọ̀ rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà, wọ́n ń ta lórí òkúta, wọ́n ń yí lọ sínú gọ́tà. Èrò hó. Wọ́n wá ń dúró kí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya kọ́bọ̀ náà ní fọ́tò. Ọmọkùnrin kan bi èkejì rẹ̀ pé, “Kí la fẹ́ fi ṣe?” Èkejì ní òun rò pé ṣokoléètì ni wọ́n ní àwọn máa jù. Ọmọbìnrin kékeré kan fi bàtà tì ọ̀kan síwájú, ó ní, “Ó dọ̀tí.” Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn. “Má fọwọ́ kàn án,” ó ní. “O ò rí i pé ajá ti tọ̀ síbẹ̀?”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Clifford náà rẹ́rìn-ín, ó bu ṣọ́bìrì kejì, ó fọ́n ọn, ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀kan ba ọmọ kan léjìká. Ọmọ náà ní, “Yé,” ó wo òkè pẹ̀lú ìbínú. Kò sẹ́ni tó ṣa nǹkan kan. Ẹ̀rín ojú Clifford bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Beryl rí i láti ìsàlẹ̀, bó ṣe ń gbẹ.

“Ẹ ṣà á,” Clifford ní. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀, gbogbo títì ló sì gbọ́ ọ. “Ẹ ṣà á, ẹ̀yin ọmọ. Owó ni.”

Wọ́n ń wò ó.

“Mo ní kí ẹ ṣà á.” Ohùn náà le, ó sì ṣe gbogbo èèyàn bákan. Àwọn ìyá kan di ọmọ wọn mú. Clifford ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ró gbàǹgà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún jáde lórí irin bàkónì, ìka méjì tó ká náà hàn sí gbogbo títì.

“Ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Ó dọ̀tí. Èmi di tèmi mú títí ẹran ọwọ́ mi fi jiná. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rùn? Bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan ló ń rùn. Wọ́n dúró síbi tí mo dúró sí yìí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ebi sì ń pa mí tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn ọwọ́ ara mi fi ń mú itọ́ yọ lẹ́nu mi. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ wá ní kọ́bọ̀ dọ̀tí.”

Beryl fi ọwọ́ bo ẹnu. Èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn, òun ò gbọ́ ọ rí. Látìgbà tí wọ́n ti jọ wà láyé, ó rò pé gbogbo ìríra inú ọ̀rọ̀ náà ni òun mọ̀.

Ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí ó tó pẹ́, gbogbo títì ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, àwọn fóònù wà lókè. Ìyáàfin Garland wà nítòsí Beryl, omijé dúró lójú rẹ̀. “Ó mà mọ eré ṣe o,” ó ní. “Kò sọ fún wa pé òun máa fi èyí kún un. Ìyẹn ló yẹ ká máa ṣe lọ́dọọdún.”

Àtẹ́wọ́ náà dé etí Clifford. Ó wò yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Beryl ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé, Má ṣe é, Cliff, má ṣe é. Clifford ṣí fìlà gíga náà, ó tẹrí ba fún wọn.

Ìyẹn ló gbé Beryl kúrò lórí ìdúró. Ó fi ìgbúnwọ́ la èrò kọjá, ó wọ òtẹ́ẹ̀lì, ó gun àtẹ̀gùn. Ó ti to èébú tó fẹ́ bú u jọ sẹ́nu, ó pọ̀. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn bàkónì, wọ́n kó àga tó ti ṣẹ́ síbẹ̀. Clifford jókòó lórí ọ̀kan, fìlà wà lórí orúnkún rẹ̀, òógùn ti mú kí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Kò gbójú sókè. Èébú Beryl pòórá, kò mọ ibi tó gbà.

“Ẹ ní kí n má pè yín ní àǹtí mọ́,” Clifford ní.

“Pè mí. Dìde ká lọ sílé.”

“Ẹ dúró ná.” Ó fi ọwọ́ òsì di ìka tó ká mú, ó ń fọwọ́ pa á. “Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mo purọ́ mọ́ yín.”

“Mo mọ̀ pé o purọ́.”

“Mi ò lè wòkè nígbà tó ń jó mi. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo gbọ́ wọn lókè, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jẹ́ ohun tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lẹ́yìn mi, nílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín kíkan. Kò jìnnà sí mi. Mo ti gbé ẹ̀rín yẹn sùn, mo ti gbé e jí.” Ó gbójú sókè, ó sì wò ó. “Àǹtí mi, ẹ̀yin kì í purọ́. Ta ni? Ṣé Màámi ni?”

Beryl ti yíjú lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló yíjú. Ó rí ìyá wọn nínú épírọ́ọ̀nù iṣẹ́, ọ̀rá àgùntàn ṣì wà ní apá rẹ̀ méjèèjì. Ó rí Méjọ̀ Venner tó wo ìyá wọn láti orí bàkónì, tó gbé ìpéǹpéjú sókè bí ẹni ń bi í pé, Ṣé kò dùn mọ́ ọ ni? Ìyá wọn ya ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín fún un, ẹ̀rín ńlá, gbogbo eyín rẹ̀ hàn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára Venner. Ó rẹ́rìn-ín títí Venner fi mójú kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá gbé ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ohun tí Beryl ní láyé yìí ni pé òun kì í bá wọn fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, kò fi ṣúgà sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn ìjọ lulẹ̀ nítorí odò tí wọ́n yà sára ògiri. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́.

“Rárá o,” ó ní. “Ìyá Pincombe tó ń gbé òpópónà wa ni. Obìnrin yẹn ò ní làákàyè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.”

“Màámi ńkọ́?”

“Màámi ń sunkún.” Ọ̀rọ̀ náà yọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọ̀rá, wẹ́rẹ́, kò há síbì kankan. “Wọ́n fi épírọ́ọ̀nù bojú. Wọn ò lè wò ọ́.”

Clifford mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ nínú kóòtù tí wọ́n yá a náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ti gbà fún. Beryl di apá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde, ó ń mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Ṣé wọ́n sunkún gan-an?” Clifford ní.

“Gan-an ni,” Beryl ní. “Wo ẹsẹ̀ rẹ.”